Èmi Ni Ìyá Bàbá Rẹ

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ní èdè Ítálì kì í ṣe "ẹ káàárọ̀". Mi ò ní àkókò fún ẹ káàárọ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ohun tí mo fẹ́ sọ sì ti wà lọ́kàn mi kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó kọ́ mi. Mo ní kó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Èmi ni ìyá bàbá rẹ." Ó wò mí, ó gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Io sono la mamma di tuo papà." Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń gbé ní ìlú kan ní àríwá Ítálì pẹ̀lú ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ọmọ yìí kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò sì ju ìkíni lọ. Kò mọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ti ń rí mi nínú fóònù láti kékeré, lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn, lórí àga tó wà létí fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè ní nonna, ìyẹn ìyá àgbà, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin.

Mo fẹ́ sọ bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láàyè. Wọ́n lè kà á bí wọ́n bá rí awò ojú wọn.

Mo wọ ilé ọkọ mi ní Ilo-Awela nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ erùpẹ̀ lásán. Mo ti jáde ní yunifásítì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀tà. Gbogbo ìyẹn kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó ní kí n kúnlẹ̀, ó sì sọ fún mi pé òun ni ọkọ mi àkọ́kọ́, àbúrò òun tó gbé mi níyàwó ni ìkejì. Kò ṣe àwàdà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé tí wọ́n ti bí mi. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ni ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń pè é ní ọkọ mi. Láràárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi." Òun á ní, "Ìyàwó, o jí?" Kò fìgbà kan pè mí ní nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí di igbá-kejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi wá bá mi yọ̀, ó jókòó sáàárín wọn, ó ní kí ìyàwó lọ bu omi wá.

Nígbà tó yá ni àwọn ìjọ dé, àwọn yunifásítì sì tẹ̀ lé wọn. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ike lónìí, tó bá di oṣù mẹ́ta sí i wọ́n á ti kùn ún ní funfun, wọ́n á ti gbé pátákó síwájú rẹ̀, orin á ti máa jáde níbi tí ẹ̀rọ ti ń pariwo. Àwọn àlejò ń ya wọ ìlú bí ẹni pé ìpè kan ti dún. Yàrá tí ẹnì kankan kò fẹ́ háyà tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin á ti tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, mo sì ń wá ibi tí mo lè máa lọ lọ́jọ́ Àìkú tí mi ò ní máa wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tuntun yìí, nínú ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilé iṣẹ́.

Ọmọ mi ti wà ní Ítálì ní tirẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Sango kó tó lọ kàwé sí i. Nígbà tó sọ fún mi pé òun rí ọmọbìnrin kan tí òun fẹ́ fẹ́ níbẹ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ pásítọ̀ lọ. Ó di ojú, ó ní òun rí ògiri kan láàárín èmi àti ọmọ mi, pé obìnrin yẹn ló ń mọ ọ́n. Obìnrin tí kò fojú kàn rí. Mo kàwé, mo mọ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, síbẹ̀ mo gbà á gbọ́, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo ní, "Má mú un wá sílé mi." Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Pásítọ̀ náà ti kó lọ sí ìlú mìíràn, mo gbọ́ pé ìjọ ibẹ̀ ti fi ọkọ̀ ńlá ta á lọ́rẹ. Ògiri tó ní òun rí, èmi fúnra mi ni mo mọ ọ́n.

Ọmọ mi kò bá mi jà. Ó gbé ìyàwó rẹ̀, wọ́n bímọ, ó sì ń kí mi lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n fóònù ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń pè ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Ìyẹn á jókòó sí pálọ̀, á gbé e jìnnà sí ojú, á máa rẹ́rìn-ín sí i. Èmi á jókòó létí fèrèsé, màá máa ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, "Ciao, nonna" ni mo ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló sì ń jẹ́ ẹ. Bàbá ọmọ kò tún un ṣe. Bí mo bá sì fẹ́ sọ òótọ́, kò sí ẹni tó lè ní irọ́ ni. Ní ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá, ìyá ni. Ẹni tó bá jẹ́ ìyá fún bàbá, ìyá àgbà ló máa jẹ́ fún ọmọ. Àṣà ló gba ọmọ ọmọ mi kúrò lọ́wọ́ mi, mi ò lè pe àṣà lẹ́jọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà gbé ìwé tó fi yàwòrán sókè níwájú fóònù. Ó ya gbogbo ẹbí rẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn òbí ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè tó tóbi ju ilé lọ. Ó ya pálọ̀ wa. Ó ya àga etí fèrèsé, àga mi. Ológbò ló fi sórí rẹ̀. A ò ní ológbò nílé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ka ìwé mi lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Joju ní Sango.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń rán aṣọ akọrin fún àwọn ìjọ, tó sì ń rán aṣọ ìgboyè fún àwọn yunifásítì. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Mùsùlùmí ni, ó ti lọ sí Mẹ́kà, Àlàájà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó máa ń sọ pé aṣọ akọrin tí òun rán gbọ́ orin ju àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ó lo ọdún mọ́kànlá ní Ítálì, ó ń tọ́jú arúgbó obìnrin kan tí kò lè dìde. Àwòrán ẹbí obìnrin náà kún ara ògiri. Lójoojúmọ́, bí Àlàájà bá ti ń wẹ̀ ẹ́, arúgbó náà á máa nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ sí òun. Ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè.

Mo mọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì kẹta rí.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jókòó. Ẹ má jókòó lé dúdú yẹn, aṣọ ọ̀jọ̀gbọ́n ni."

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá bi mí bóyá mo rántí ohun tí mo kọ sínú ìwé àbájáde ìdánwò òun. Mo ní mi ò rántí. Mo rántí.

"Ẹ kọ ọ́ pé orí mi ò gba èdè."

"Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní lọ́kàn."

"Ṣé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ni, mà?"

Mi ò bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tí mo ti kọ́. Ó ní òun á kọ́ mi, òun ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bí òun bá bi mí ní ìbéèrè, mo gbọ́dọ̀ dìde dúró kí n tó dáhùn, bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì mi. Bí mi ò bá mọ ìdáhùn, mi ò gbọdọ̀ dákẹ́ bí àwọn ọmọ ṣe máa ń dákẹ́ fún mi nígbà yẹn. Kí n sọ pé, "Sto imparando." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo ṣì ń kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dìde ní ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀, orúnkún mi á ké, àwọn akọrin tó wá wọn aṣọ wò á máa wò mí, màá ní sto imparando.

Àwọn aṣọ tó gbé kọ́ ara ògiri ló fi kọ́ mi. Aṣọ ọ̀jọ̀gbọ́n ni nonno, bàbá àgbà. Aṣọ akọrin aláwọ̀ àlùkò ni zia, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tàbí ìyá tó jẹ́ obìnrin. Aṣọ ọmọdé tó kéré jù ni nipote, ọmọ ọmọ. Aṣọ funfun kan wà tí ìjọ tó ni ín kò tíì wá gbà, ó nawọ́ sí i, ó ní ìyẹn ni mia nuora, ìyàwó ọmọ mi. Mo dìde, mo sọ ọ́. Mia nuora. Mi ò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí ní èdè kankan.

Ibi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ ni a ti fẹ́ ṣe àríyànjiyàn. Àlàájà ní cognata ni. Mo bi í pé kí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà á wá máa pè mí. Ó ní cognata.

"Àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin méjèèjì, mà."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ obìnrin yìí á rò pé inú mi á dùn láti rí ibi tí a ti dọ́gba. Inú mi dùn sí i. Ẹnu mi ni kò gbà á. Ogójì ọdún ìkúnlẹ̀ kì í kúrò lára lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ kan. Nígbà tí mo délé, mo wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ọkọ nínú ìwé mi, marito, mo sì kọ ọ́ síwájú "ẹ̀gbọ́n ọkọ mi". Mi ò bi Àlàájà. Mo ti ṣe tíṣà fún ọdún márùn-dín-lógójì, ohun tó bá dá mi lójú, n kì í béèrè.

Ọjọ́ tí mo ń dúró dè ni ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ gba oúnjẹ Olúwa ní ìjọ Àgùdà wọn. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé gbogbo ẹbí ìyàwó òun á jókòó sí tábìlì, wọ́n á sì pè wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti wé gèlè láti òwúrọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí fóònù dún, mo gbé àga mi kúrò létí fèrèsé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Ìyàwó, kí lò ń wá níbí?"

"Mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi ni, ọkọ mi."

"Èdè wo lo fẹ́ fi kí i?"

"Tiwọn."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n má fi Gẹ̀ẹ́sì tíṣà dójú ti ilé àwọn. Fóònù dún.

Tábìlì gùn, ènìyàn kún ìdí rẹ̀, ọmọ náà wà láàárín nínú aṣọ funfun. Kí ẹ̀rù tó bà mí, mo ní, "Buongiorno a tutti," ẹ káàsán gbogbo yín, mo sì dìde dúró. Ara mi ti mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájà. Ohùn ọmọ mi ló kọ́kọ́ jáde.

"Mọ́mì, ẹ jókòó. Ikùn yín nìkan là ń rí."

Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ tí kì í ṣe ìkíni ọdún. Mo jókòó.

Gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ kọ́ ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó jù mí lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú gèlè, lójú àna, mi ò sì lè kọ́kọ́ sọ ẹni tí èmi jẹ́ kí n tó sọ ẹni tí òun jẹ́. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo tẹrí ba díẹ̀, mo ní, "Questo è mio marito." Ọkọ mi nìyí.

Bàbá ìyàwó ọmọ mi fi awò rẹ̀ sójú, ó sún mọ́ fóònù, ó wo gèlè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, mi orí bí ọba. Ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ pé ṣé nonna ni ọkọ obìnrin yẹn. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Ọmọ mi ló rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ni, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú. Mo ti gbàgbé pé ó wà lára rẹ̀.

Ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé wọn. Kò lè là á láì sọ ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ìyàwó kì í pe àwọn ará ilé ọkọ ní orúkọ, kí ni ilé ọkọ, ta ló gbé e níyàwó, ta ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó gbé e níyàwó. Mo ń mú ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó ní, "Lei è la zia di papà." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ó wá nawọ́ sí mi. Ó ní, "Lei è mia mamma."

Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ọmọ náà gbé ojú sún mọ́ fóònù títí ó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan là ń rí. Mo sọ gbólóhùn mi. "Io sono la mamma di tuo papà." Ó rò ó wò, ó bi mí ṣé èmi ni ìyá orí àga. Mo ní èmi ni. Ó ní kí ló dé tí n kì í sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn tòótọ́ gùn ju Ítálì tí mo gbọ́ lọ. Mo ní, "Sto imparando."

Ìyàwó ọmọ mi wà ní ìkángun tábìlì, ó dúró, àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rò pé obìnrin gíga kan ni. Kò ga. Mo ti kọ gbólóhùn tirẹ̀ sí ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé mi, Àlàájà sì ti bá mi tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta láì bi mí ìdí. Mo ní, "Mia nuora. Vieni a casa mia." Ìyàwó ọmọ mi, wá sílé mi. Ọmọ mi gbé ojú sílẹ̀. Òun náà ló gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ó mọ iye tí mo gbà padà. Obìnrin náà gbé àwo sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó sì mi orí.

Nígbà tí fóònù kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi mí ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un. Ó bi mí ohun tó yẹ kí n pè é. Mo ní cognata. Ó bi mí ohun tí òun náà á pè mí. Mo ní cognata.

"Ìyẹn ni pé kò sí ọkọ níbẹ̀?"

"Kò sí, ọkọ mi."

Ó ní àwọn èèyàn náà ò mọ àgbà. Ó tú gèlè rẹ̀, ó wọlé lọ.

Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì mọ̀ bóyá màá dárí jì í. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó pariwo láti yàrá rẹ̀ pé kí ìyàwó wá gbé fóònù, ìyàwó ni wọ́n ń pè. Ọmọ náà ti ya àwòrán mìíràn. Mo wà níbẹ̀ báyìí, mo dúró níwájú àga, mo ga tó bẹ́ẹ̀ tí orí mi fi kọjá òkè ìwé, ìró àti ikùn nìkan ló kù. Ológbò ṣì wà níbẹ̀, ó ti bọ́ sábẹ́ àga. Wọ́n ń bọ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn bá gba ìsinmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́jọ́bọ̀, bí mo ṣe ń wọ bàtà láti lọ sí Joju, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn àlejò dé kí n wá jókòó ti òun, kí n máa fi èdè bú òun lójú òun. Mo ní kí á lọ. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá àga, ó jókòó. Àlàájà wò wá, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí èmi náà jókòó. Ó nawọ́ sí mi, ó wá bi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní èdè Ítálì pé, ta nìyí? Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún un, mo sì sọ òfin ṣọ́ọ̀bù fún un pé a kì í jókòó dáhùn níbẹ̀. Ó wo Àlàájà, ó wò mí lórí àga, ó gbá báàgì ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì dìde.